Ìlà Kan Lábẹ́ Àká

Mùízù ọmọ ìlú Kambolé, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní àdúgbò Kouloundè, kì í bá oúnjẹ ṣeré. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ, mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

"Tántì Sàfúrátù, wọ́n máa lé mi o."

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ, àwọn èèyàn káàkiri ayé tí wọ́n jọ ń kọ ètò fóònù ọ̀fẹ́ kan tí àgbẹ̀ fi ń mọ iye tí iṣu ń lọ lọ́jà. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un kó tún un ṣe. Mùízù ti sọ ọ́ di Yorùbá fún àwọn ará ilé, àárín wọn ló sì ti kọ́ gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó mọ̀. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bínú pé ó fi oko sílẹ̀ nítorí "ohun tí kò ṣeé sè".

Àká kékeré kan ni lógò ẹgbẹ́ náà. Mùízù kùn ún sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fa ìlà pupa kan sábẹ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn tayọ̀tayọ̀. Èsì tó bá a pàdé ni pé ètò lè yí, lógò kò gbọdọ̀ yí.

Inú bí mi. "Kí ni ìlà ọ̀hún ń wá níbẹ̀?"

"Bí a ṣe ń ṣe nílé wa ni."

Nínú ẹbí wọn, èédú ni wọ́n fi ń ṣàmì bàbá sára àpò iṣu. Ọmọ tó bá dá oko tirẹ̀ á fa ìlà kan sábẹ́ àmì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ bàbá ta iṣu ọmọ.

"O sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Rárá."

"Olóríkunkun! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ká tó kírun Alásárì, Fúnkẹ́ tó ń ṣọ́ lógò náà láti Kútọnu ti dáhùn: "Ohun tí òfin wa ń wá gan-an nìyẹn, kí á má ṣì mú iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan fún ti ẹgbẹ́. Fún ètò tìẹ lórúkọ tirẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara tiwa ló ti yọ, kí ìlà rẹ sì hàn jù báyìí lọ. Ta ló fẹ́ lé ẹ?"

"Alhamdulilahi!" Mùízù fa oúnjẹ tútù rẹ̀ mọ́ra. Ọkàn èmi náà balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ràn aládùúgbò tó ń sunkún.

Ó sọ tirẹ̀ ní "Àká Kambolé", ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ó sì mú kí ìlà náà nípọn. Nígbà tí Bàbá Ádámù, bàbá rẹ̀, gbé iṣu wá bá a lórí ọ̀kadà, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, kò wọlé. Kò mọ̀wé. Ó fi ìka tọ ìlà pupa náà títí dé òpin, ó sì yíjú sí mi.

"Sàfúrátù, ọmọ mi ti dá oko, ẹ ò sì sọ fún mi?"