Kámẹ́rà Ọkọ Islamiat

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2024, kámẹ́rà mẹ́rin ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi, Islamiat, ti ń dirun ní Agbowó, n'Ìbàdàn. Àga mẹ́ta ló ní.

Àwọn obìnrin tó ń bo irun ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣọ ìkélé tó nípọn wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin kì í kọjá rẹ̀, títí kan èmi àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni wọ́n ti ń ṣí híjáàbù. Nítorí aṣọ náà ni àwọn kan ṣe ń ti Àpáta tó jìnnà wá.

Ọlábọ̀dé, ọkọ rẹ̀ àti bàbá Ọmọ́níyì ọmọ wọn, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Owú ló mú un ra kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ olè ló fi bojú. Ó búra pé ẹnu ọ̀nà àti àpótí owó nìkan ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ kan ó pè é láti ibi iṣẹ́.

“Ta lo ń bá rẹ́rìn-ín?”

“Ìyá Àbẹ̀ḿbí ni. Wọ́n ní ewú ti gba orí àwọn, kí n má jẹ́ kí ọkọ wọn rí i.”

“Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ nínú ìyẹn?”

Bẹ́ẹ̀ ni Islamiat ṣe mọ̀ pé ó ń rí àga tí àwọn obìnrin ń jókòó sí láìbo irun. Ó fi ìborùn bo kámẹ́rà tó kọjú sí àga. Ọlábọ̀dé dé, ó fà á ya. “Kí lò ń fi pamọ́ fún mi?” Islamiat kò sọ fún oníbàárà kankan, ó ń bẹ̀rù pé wọn ò ní padà wá. Mi ò dá a láre.

Nígbà tí Ìyá Àbẹ̀ḿbí tún wá, ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan jáde láti inú kámẹ́rà: “Màmá, ewú yìí mà bá yín mu o!” Ó bú sẹ́rìn-ín. Màmá fa híjáàbù bo irun tí wọn ò tíì dì dé ìdajì, wọ́n jáde.

Ọlábọ̀dé gbọ́ ohùn náà lórí fóònù tó fi ń wo kámẹ́rà. Ó sáré dé.

“Ta ni ọmọkùnrin yẹn? Ìgbà wo lo fún un ní páswọ́ọ̀dù?”

“Bàbá Ọmọ́níyì, ṣé ẹ sọ páswọ́ọ̀dù fún mi rí ni?”

Èmi tí Islamiat ti pè wá gba fóònù lọ́wọ́ Ọlábọ̀dé, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Páswọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé tó bá kámẹ́rà wá ló ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan náà fún gbogbo irú rẹ̀ tí wọ́n tà. Àtúnṣe ààbò tí àwọn tó ṣe kámẹ́rà náà fi ránṣẹ́, Ọlábọ̀dé kò gbà á sínú rẹ̀ rí.

“Ẹ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé, ẹnikẹ́ni ló lè wọ inú kámẹ́rà yìí láti ibikíbi.”

“Ṣé ó rí Islamiat?” Ohun kan ṣoṣo tó bi mí nìyẹn.

Islamiat lọ bẹ Ìyá Àbẹ̀ḿbí ní Àpáta, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ò ṣílẹ̀kùn. Láti inú ilé ni wọ́n ti dáhùn: “Ta ló tún ń gbọ́ wa báyìí?”

Kò sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ojúlé dé ojúlé ló ti ń dirun nísinsìnyí fún àwọn díẹ̀ tó ṣì gbà á. Ọlábọ̀dé sì ń pè é láti bèèrè ilé ta ló wà, àti bóyá ọkùnrin wà níbẹ̀.

Ìwọ tó kan kámẹ́rà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ, má wulẹ̀ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù. Tú u kalẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà, kí o lọ sọ fún àwọn obìnrin tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ pé o rí wọn.