Ìyàwó Ilé Wa

Ní ilé wa ní Ìwáyà, obìnrin tí wọ́n bá gbé wọlé, "Ìyàwó" ni gbogbo ilé ń pè é. Ọjọ́ tí a bá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ni orúkọ yẹn tó kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó wá bá mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó kúnlẹ̀, tó ní kòkòrò éèdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun, ọkọ òun sì mọ̀. Wọ́n ń fún un lóògùn ní kílíníkì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, ojú sì ń tì í láti bèèrè.

"Ẹ̀yin lẹ kàwé, Tíṣà. Ṣé mo lè bímọ tí kò ní í ní in?"

Lóòótọ́ ni mo lọ sí yunifásítì, láyé ìgbà tí wọ́n ń fọ aṣọ wa fún wa, tí adìẹ sì ń wà nínú abọ́ wa lọ́jọ́ Àìkú. Kò sẹ́ni tó mọ àrùn yìí nígbà náà. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ara pátákó ìkìlọ̀ ẹ̀bá títì ni mo ti kà á. Síbẹ̀, n kò lè la ẹnu mi sọ pé n kò mọ̀.

"Má dán an wò," mo ní. "Wàá kó o ran ọmọ aláìṣẹ̀. Máa dúpẹ́ pé o wà láàyè."

"Ẹ ṣé, sà."

Ọkọ rẹ̀ lọ bí ọmọ méjì sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn ní Muṣin.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò ní Yábàá. Aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàrin èmi àti nọ́ọ̀sì tó ń bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀.

"Má pa oògùn ẹ jẹ, àǹtí. Tí kòkòrò yẹn ò bá hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ mọ́, wàá bímọ, kò ní í ran ọmọ."

"Ìbejì ńkọ́?"

"Ìyẹn, lọ bi ọkọ ẹ!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. N kò dúró gba èsì àyẹ̀wò mi.

Mo bá Ìyàwó lẹ́yìn ilé wa nídìí ẹja. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Mo sọ fún un pé mo ṣì í lọ́nà. Kò gbójú sókè.

"Mo ti gbọ́ tipẹ́, Bàbá. Ọdún tí nǹkan oṣù mi dúró ni wọ́n sọ fún mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ti darúgbó. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ìyá onílé yọjú lójú fèrèsé. "Ìyàwó! Ẹja ẹ ń jóná o!"

"Mo ti rí i, mà," ó ní, ó sì ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.