Nọ́ọ̀sì Òyìnbó Tó Kúnlẹ̀ ní Pearland

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò gùn. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo lọ kí ọmọbìnrin mi ní Pearland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá Ìjẹ̀bú kan ń gbé ilé kejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, síbẹ̀ ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí wọn ò lo oògùn. Ọmọ wọn sunkún wá bá mi.

Mo bá nọ́ọ̀sì òyìnbó kékeré kan lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ orúkọ gan-an ló fi ń pe bàbá.

Bàbá ti oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kọjú sí mi: "Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi í, ṣé èmi àti ẹ̀ la jọ ṣe kékeré ni?"

Mo fa ọmọ náà wọ kíṣìnì, mo kọ́ ọ. Nígbà tó padà, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló tọ́ eléyìí? Gbé oògùn ẹ wá, jàre!"

Wọ́n gbé e mì lójú wa. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń padà sílé, nọ́ọ̀sì kékeré náà fún mi ní ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi jogún ẹ̀rọ, òun jogún ìkúnlẹ̀.