Àpò Omi tí Verlyn Ń Fi Ìwà Pẹ̀lẹ́ Gbé Kiri

Bí ẹ bá fẹ́ kí ebi pa Verlyn Haugstad, ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ kí ẹ sì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá á jẹun. "Rárá o, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni yóò wí. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì, á ní inú òun ṣì kún. Ìgbà kẹta ni yóò tó sọ pé, "Ó dáa, tí kò bá ní ni yín lára, díẹ̀ péré." Díẹ̀ péré yẹn ni yóò jẹ títí tí abọ́ á fi máa dán. Kì í ṣe òun nìkan ṣá o. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa ní àríwá Minnesota níbí nìyẹn. Ẹni tó bá tètè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kánjúwà ni. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kéèkì tó bá ṣẹ́kù sínú àwo, ẹnì kan á gé e sí méjì, ẹlòmíràn á tún gé ìdajì yẹn sí méjì, títí yóò fi di èérún, kò sì ní sẹ́ni tó máa mú un.

Iwájú ilé wọn gan-an ni mò ń gbé. Mo ti mọ Verlyn láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe ló fi tọ́ ọmọ. Kò sí ẹ̀rọ tó dákẹ́ tí kò lè mú kó ké, ẹnu ara rẹ̀ nìkan ni kò rí tún ṣe.

Ardis, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń gbẹnu sọ fún àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, títí àrùn rọpá-rọsẹ̀ fi kọlù ú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù sí i lẹ́nu kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Láti ìgbà náà, Verlyn ló ń gbé e kúrò lórí ibùsùn sórí àga onítáyà, láti orí àga sínú ọkọ̀. Á na apá méjèèjì, á ní, "Ṣé ká lọ, ìyá arúgbó?" Ardis á dá a lóhùn pé, "Má jù mí nù o." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe eré yìí, kò sì sú wọn.

Ìgbà tí òtútù mú jù lọ́dún ni ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í gún Verlyn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, lápá ẹ̀yìn, lábẹ́ ìhà. Ó ní ẹ̀yìn dídùn lásán ni. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo bá tọkọtìyàwó. Ó ti gbé e dé àárín méjì kí ìrora tó mú un, ló bá rọra jókòó sílẹ̀ tòun tìyàwó. Ardis ń rẹ́rìn-ín. Verlyn kò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì dùn mí.

Èmi ni mo pe Janelle, ọmọ wọn obìnrin, ní ìlú Duluth tó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni, olófòófó ni mí. Janelle dé, ó wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń rìn bí akàn, ó sì lọ wá yàrá kan sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

"Wọ́n ní àwọn á fi yàrá náà pamọ́ dè wá títí oṣù á fi parí," ló wí. "Dádì, tí ẹ kò bá lè gbé Mọ́mì mọ́, ta ló máa gbé wọn?"

Verlyn wolẹ̀. Ardis wo ojú fèrèsé.

Bí mo ṣe fi ọkọ̀ gbé Verlyn lọ sí ilé ìwòsàn nìyẹn, ìrìn wákàtí kan gbáko lórí yìnyín. Dókítà Renteria, ọmọbìnrin ará Texas tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ló fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Ó ní àpò omi kan wà lára kíndìnrín rẹ̀ òsì, ó tóbi tó ọsàn ńlá.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ o, Bàbá," ló wí. "Omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní irú ẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Tí kò bá ti yọ èèyàn lẹ́nu, a kì í fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n tiyín tóbi, ó sì ń dùn yín. Mo lè gba ẹ̀yìn yín fi abẹ́rẹ́ fa omi yẹn jáde, kí n wá da ọtí líle ti oníṣègùn sínú àpò náà kó má tètè kún padà. Tíyẹn ò bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ abẹ kékeré ló kù. Ṣé kí n bá yín fà á?"

"Rárá o, Dókítà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Dókítà wò ó. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó lè burú ju báyìí lọ."

"Kò burú," ni dókítà wí, "ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná." Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì jáde. Verlyn jókòó síbẹ̀, kò wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń retí kó padà wá.

Nínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló bi mí, Corrine."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wa ọkọ̀ wọ kòtò. "Verlyn! Ará Texas ni! Lọ́dọ̀ tiwọn, rárá túmọ̀ sí rárá!"

"Wọn ò kọ́ ọ nílé ni."

"Jẹ́ ká padà, kó o lọ sọ fún un."

"Kí n lọ máa tọrọ abẹ́rẹ́? Lójú ta ni?"

Ẹ gbà mí o! Orí kunkun tún wọ aṣọ ìwà pẹ̀lẹ́. Mo bá a jà dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Nígbà tí oṣù dé àárín, Janelle ti ń di aṣọ ìyá rẹ̀. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ Verlyn mọ́. Mo gba ọjọ́ tuntun lọ́dọ̀ dókítà, Janelle bá mi gbé Ardis sínú ọkọ̀, mo sì sọ fún Verlyn pé kó wọlé. Ó wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni dókítà wí. "Ṣé ẹ ti yí èrò yín padà ni?"

"Rárá o," ni Verlyn wí. "A kàn ń kọjá lọ ni."

Ìrìn wákàtí kan! Mo ti ń la ẹnu láti bú u, kí n tó gbọ́ ohùn kan láti orí àga onítáyà.

"Ó fẹ́."

Gbogbo wa yíjú sí Ardis.

"Ó fẹ́," ló tún wí. "Ẹ gún un."

Etí Verlyn pọ́n wẹ̀ẹ̀. "Ardis!"

"Òpùrọ́," ni Ardis wí.

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mú un mọ́ra. "Mo gbọ́ yín, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹnu Bàbá fúnra wọn ni mo gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ."

Verlyn wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún Ardis tó sùn sórí itan. "Tí kò bá ní ni yín lá—"

Ardis húkọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Verlyn wí, bí ẹni tí wọ́n fa eyín rẹ̀ yọ. "Mo fẹ́."

Nígbà tí wọ́n ṣe é, ó dojú bolẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń ti abẹ́rẹ́ wọlé. Omi náà jáde, ó mọ́ kedere, wọ́n sì da ọtí sínú àpò náà, wọ́n tún fà á jáde. Verlyn tí kì í mu ju bíà kan lọ níbi ìgbéyàwó! Ọjọ́ náà gan-an ló padà sílé. Wọ́n ní kó má gbé nǹkan wúwo fún ìgbà díẹ̀, èmi àti Janelle là ń gbé Ardis, òun náà sì ń dúró tì wá, ó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìrora rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi lọ, dókítà sì ní ó lè máa gbé nǹkan padà.

Lọ́jọ́ tí ilé ìtọ́jú ń retí èsì, Janelle kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, yàrá yẹn, ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

"Rárá," ni Ardis wí.

Ọmọ ilé ire ni Janelle. Ó ti la ẹnu láti tún bi ìyá rẹ̀. Verlyn gbé ọwọ́ sókè.

"Má bi wọ́n mọ́," ló wí. "O ti gbọ́ ọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àga, ó na apá méjèèjì. "Ṣé ká lọ, ìyá arúgbó?"

"Má jù mí nù o," ni Ardis wí, ó sì fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ lọ́rùn.