Ìdí Tí A Fi Ń Pè É Ní Ẹni Ilẹ̀

Lágbègbè wa létí odò Thukela, tí ọmọdé bá rí ejò, Ẹni Ilẹ̀ ni yóò pè é. Wọ́n rò pé bí a ṣe bá a nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹnu àwọn ìyàwó ilé bàbá mi ló ti wá, ojú ìyá mi, MaXulu, sì rí nǹkan nínú rẹ̀.

Nyoka ni orúkọ bàbá bàbá mi, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ejò. Ọmọ ilé ni mí, mo lè pè é. Ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ láéláé, ì báà jẹ́ ejò gan-an ló fẹ́ dárúkọ; Ẹni Ilẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé fi rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá mi wọlé ọkọ tó ṣèèṣì pè é létí kànga. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò pariwo.

"Padà sílé bàbá ẹ. Ewúrẹ́ ni kóo fà bọ̀, ká fi tu àwọn baba ńlá wa lójú. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, má wulẹ̀ padà wá mọ́."

Ìyá mi fa ewúrẹ́ náà láàárín ìlú, àwọn ènìyàn ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù orúkọ yẹn ti bà á ju ejò fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n bí mi, àbúrò ìyá mi, Thobekile, wá bá a tọ́jú ọmọ. Nílé tiwọn, ejò ni wọ́n ń pe ejò. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà lọ síbi òkìtì igi ìdáná, ó ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọkọ ti sọ yín di arúgbó. Ẹ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́."

Bàbá àgbà jókòó lẹ́nu ọgbà màlúù. Èmi wà lẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí mamba, ejò olóró kan, lábẹ́ igi, tó ti gbé orí sókè. Ó la ẹnu. Ó rí bàbá ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Thobekile, Ẹni Ilẹ̀!"

Ọmọ náà yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú igi. "Ta nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi?"

Bàbá àgbà ló kígbe ejò. Ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ léraléra, ó ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n ejò ti ṣán ọmọ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Thobekile ti kú. Inú òfin yẹn ṣì ń bí mi títí dòní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá àgbà pe àwọn ìyàwó ilé jọ.

"Mo tú yín sílẹ̀. Ẹ máa pe ejò ní ejò." Ó kọjú sí ìyá mi. "MaXulu, ọmọ mi, ìwọ ni kóo kọ́kọ́ pè é. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyá mi la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ẹni tó yẹ kí n pè é fún ti lọ, Bàbá."