Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Pe Orúkọ Abúlé Wa Tán

Ọjọ́ tí àwọn tó ń ka èèyàn fún ìjọba dé abúlé wa, lẹ́bàá ìlú Rore, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn lórílẹ̀-èdè wa nígbà náà, èmi sì ni olùkọ́ kan ṣoṣo ní abúlé náà.

Ọ̀gá wọn wo àwọn ilé díẹ̀ tó wà láàárín òkè àti odò, kò rí ọmọdé kankan. Àwọn ìyá ti kó wọn pamọ́ sínú àká, nítorí èèwọ̀ ni kí èèyàn ka ọmọ.

"Tíṣà, ẹ ò tó nǹkan," ni ó wí. "A ó kọ yín mọ́ Rore."

Bí ó bá kọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa, kí àwọn ọmọ máa lọ sí ti Rore.

Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, dìde. "Ta ni kò tó nǹkan? Ìwọ ọmọ yìí, jókòó! N kò ní ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ni n ó pè. Ìwọ máa fa ilà tìrẹ sínú ìwé."

Bí ó ti ń pe àwọn ọmọ náà lórúkọ ni wọ́n ń jáde láti inú àká, eruku ọkà bàbà lórí wọn, títí ìwé ọ̀gá fi kún, tí ó sì béèrè òmíràn.

Àwọn kan ń sọ pé ìyá náà rú èèwọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kò ka ẹyọ ọmọ kan. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà, orúkọ abúlé wa ló sì wà lára pátákó rẹ̀.