Ọmọláńgidi Tí Zulaihat Kò Tà

Ní agboolé tí wọ́n ti bí Zulaihat ní Bẹyẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn, kò sẹ́ni tí kì í tajà. Bàbá rẹ̀ ta fìlà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn ìyàwó ilé pín gbogbo ohun tó kù láyé láàárín ara wọn: èyí ń ta èlùbọ́, èyí ń ta ọṣẹ, èyí ń ta epo. Ìyá rẹ̀, Ràbíátù, ń ta òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti síìpù ní Ọjà'ba, nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ìyá Olówùú ni gbogbo ọjà ń pè é. Nínú irú agboolé bẹ́ẹ̀, bí ọmọdé bá fi amọ̀ mọ ìkòkò ìṣeré, kó tó gbẹ, ẹnì kan á ti bi í pé èló ló fẹ́ tà á.

Nítorí náà, nígbà tí Zulaihat tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, Ishaq, lọ sí Japan, ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ bi í lórí fóònù bóyá òtútù ń mú un. Ohun tó bi í ni pé, "Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?"

Ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù palẹ̀ ni Ishaq ti ń ṣiṣẹ́. Ìlú kékeré kan báyìí ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé náà kéré débi pé bí Ishaq bá na ẹsẹ̀ ní pálọ̀, ẹni tó ń dáná ní láti tọrọ gáfárà kó tó lè ṣí àdògán. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Jamilah, tó ń fi Yorùbá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó sì ń fi èdè Japan jà.

Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, Zulaihat á mọ ìrẹsì róbótó róbótó, á fi ewé inú òkun tí wọ́n ti yan wé e, á wá fi ata díndín sí àárín rẹ̀. Oúnjẹ ilé ìwé Jamilah nìyẹn. Nígbà kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bù ú jẹ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, olùkọ́ ti pe Zulaihat lórí fóònù, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé kí ló wà nínú ìrẹsì náà, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ń mu omi, kò sì fẹ́ dá a dúró.

Ilé ìwé yìí náà ló kó o sínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ rán àpò bàtà fún ọmọ rẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà ìta wọ kíláàsì. Zulaihat wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ kò fi abẹ́rẹ́ ṣe nǹkan kan rí ju kó fi yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ lọ. Àpò àkọ́kọ́ tó rán, ó rán ẹnu rẹ̀ pa mọ́ ìdí. Bó ṣe gbé e dání lórí àkàsọ̀, tó ń wá ibi tí bàtà yóò gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn rí i. Ìyá yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán an. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó mú un lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, níbi tí àwọn ìyá àgbà bíi tirẹ̀ ti ń péjọ rán nǹkan.

Ológbò aláṣọ ni wọ́n ń rán, àti ọ̀pọ̀lọ́, àti ẹyẹ. Bí ẹnì kan bá rán tirẹ̀ tán, á gbé e sókè, gbogbo wọn á jọ ṣe "Óòò!", wọ́n á wá mu tíì. Zulaihat ń dúró kí ẹnì kan ná ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ná an. Ó wò yíká bí ẹni tó ṣìnà. Nígbà tó máa fi rìn délé, ó ti ń ronú ohun tí òun náà máa rán.

Ó rán ológbò kan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i. Àwọn tó mọ̀ ló wù ú láti rán. Ó bẹ ìyá rẹ̀ kó fi àjákù àńkárá ránṣẹ́ lọ́wọ́ èrò, Ràbíátù sì kó o ránṣẹ́, ó rò pé aṣọ ìnulẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ni Zulaihat bá rán ìyá alákàrà tó jókòó ti agbada. Ó rán ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì. Ó rán àfáà tó wé láwàní. Wọ́n kún orí fèrèsé, wọ́n kún orí fíríìjì.

"Ìyá Jamilah," Ishaq sọ lọ́jọ́ kan, "èrò ilé yìí ti pọ̀ ju ti agboolé yín lọ. Ti pé àwọn wọ̀nyí kì í jà sí omi nìkan ló ṣì dùn mọ́ mi."

Bí ó bá fẹ́ kírun, á kọ́kọ́ yí gbogbo wọn kọjú sí ògiri. "Ẹ má bínú o," á ní, "mo fẹ́ bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀." Tó bá kan àfáà oníláwàní, á fà á létí díẹ̀: "Ẹ̀yin náà, àfáà. Kò sí ojúsàájú."

Ọjọ́ Sátidé ni Zulaihat máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò. Lọ́jọ́ kan, Ràbíátù rí ìyá alákàrà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí nìyẹn? Ìwọ lo rán an? Ó mà dáa o! Èló lò ń tà á?"

"N kì í tà á, Màámi."

"Wọn ò tíì rí i ni?"

"Wọ́n rí i. Èmi ni n ò fẹ́ tà á. Họ́bì ni."

"Ta ló ń jẹ́ Họ́bì?"

"Kì í ṣe ènìyàn, Màámi. Ohun téèyàn ń ṣe kí inú rẹ̀ lè dùn ni."

Ràbíátù sún ojú mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ni Zulaihat ń rí. "O jókòó láti àárọ̀, abẹ́rẹ́ ń gún ẹ lọ́wọ́, kò sí kọ́bọ̀ ńbẹ̀, inú ẹ sì ń dùn. Gbé fóònù fún ọkọ ẹ."

Ishaq dọ̀bálẹ̀ síwájú fóònù. "Ẹ kú ọjà, Màmá."

"Ishaq, má parọ́ fún mi. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé kì í dá sọ̀rọ̀?"

"Kì í dá sọ̀rọ̀ rárá, Màmá. Àwọn ọmọláńgidi ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Yéè!" ni Ràbíátù figbe ta. Zulaihat já Ishaq léèékánná nítan.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ojú Ràbíátù ń dán. "Mo ti bá ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn," ló wí. Ó ti gbé àwòrán ọmọláńgidi káàkiri Ọjà'ba. Ìyá elépo fẹ́ ọ̀kan tó gbé igbá epo lérí. Sàláúdéènì alápatà fẹ́ èyí tó mú ọ̀bẹ dání. Tíṣà Adéyẹ́misí, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Bẹẹrẹ, fẹ́ ìyàwó tuntun fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn wọn. "Tẹ́ẹ bá ń bọ̀ fún Iléyá, kó gbogbo ẹ̀ dání."

Ìyá tó ti báni gba iṣẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ọjà, báwo lọmọ ṣe máa sọ pé òun ò ṣe? Zulaihat ní, "Ó dáa, Màámi."

Láti ọjọ́ náà lọ, nǹkan yí padà nínú yàrá méjì wọn. Ìrẹsì róbótó di búrẹ́dì. Ishaq ń dá se ìndómì. Zulaihat tó máa ń kọrin wẹ́rẹ́ lábẹ́lẹ̀ bí ó bá ń rán nǹkan kò kọrin mọ́. Jamilah bi bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ta ló bínú sí Mọ́mì?"

Zulaihat kó iṣẹ́ náà lọ sí gbọ̀ngàn ní Ọjọ́rú, bóyá yóò lè yá sí i. Ìyá ìsàlẹ̀ ilé wọn gbé ọ̀kan, ó wò ó lójú. Ó gbé òmíràn. Ó wá fa ojú ara rẹ̀ le, ó ká ìpéǹpéjú kò, ó su ẹnu pọ̀, ó sì sọ lédè wọn pé inú ń bí gbogbo àwọn wọ̀nyí o. Zulaihat tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ìyá elépo ń bínú. Alápatà ń bínú. Ìyàwó tuntun tó yẹ kó máa wojú ọkọ, ó lejú bí ẹni tí wọ́n jí ẹja rẹ̀ kó. Zulaihat bú sẹ́rìn-ín, àwọn ìyá àgbà náà bú sẹ́rìn-ín, tíì sì dà sílẹ̀.

Kò tún wọn rán. Ó kó wọn sínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì rán an dé ọrùn tó ti ń kọrin.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n wálé. Jamilah bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bẹyẹrúnkà, ó tò ó jọ dáadáa, ó kọjú rẹ̀ síta bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Japan. Kó tó jáde, àgbò ọdún ti ń jẹ okùn bàtà náà. Bí ó bá fẹ́ kí àgbà, á kúnlẹ̀ bí ọmọ Ìbàdàn, á dìde, á tún tẹrí ba bí ọmọ Japan, débi pé ìyá elépo bi í pé, "Ọmọ dáadáa, kí ló bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ?"

Lẹ́yìn ọdún, Ràbíátù pàtẹ àwọn ọmọláńgidi sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì dé. Sàláúdéènì gbé tirẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá Olówùú, ojú mi gan-an nìyí tí wọ́n bá ń ná ẹran ní ìnákúnàá!" Ó sanwó, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Tíṣà Adéyẹ́misí yí ìyàwó tuntun síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Kí ló dé tí ìyàwó yìí lejú báyìí?"

"Wọ́n ń mú un kúrò nílé bàbá ẹ̀," Ràbíátù dáhùn kíá, "ṣé ẹ fẹ́ kó máa jó ni?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Jamilah fi tọwọ́ bọ àpò, tó fa èyí tó gbẹ̀yìn yọ. "Ìyá àgbà, tiyín rèé."

Ràbíátù gan-an ni. Òwú aláràbarà rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, àpò owó wà létí ìró rẹ̀, ó la ẹnu gbàù bí ẹni tó ń pe oníbàárà láti ìsọ̀ kejì, ọwọ́ kan sì wà níbàdí. Gbogbo ìsọ̀ dà gììrì wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Ràbíátù náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ẹ gba ìyàwó yín," Tíṣà wí. "Èyí ni mo fẹ́. Èló?"

Ẹnu Ràbíátù yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. Kó tó mọ̀, ó ti pe iye tó tó ra itan àgbò.

"Mo rà á," Tíṣà wí, ó sì ṣí báàgì.

Gbogbo ìsọ̀ yíjú sí Ràbíátù. Ní Ọjà'ba, bí ọlọ́jà bá ti dá iye lé ọjà, tí oníbàárà sì gbà, ó parí. Ràbíátù kò yẹ̀ ẹ́ rí láti ìgbà tó ti ń tajà. Ó di ọmọláńgidi náà mú.

"Ẹ ò ná an?"

"N ò ná an, Ìyá Olówùú."

"Ẹ ná an díẹ̀. Kò dáa kéèyàn má ná ọjà."

Zulaihat wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn ìka náà ti wọnú aṣọ. Ó kúnlẹ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú. Màámi ò bi mí kí wọ́n tó dá iye lé e. Èmi ni mo rán an, n kì í sì í ta èyí."

Ràbíátù mí kanlẹ̀. Ó wá ro ojú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. "Ẹ̀yin náà gbọ́ fúnra yín, Tíṣà. Ọmọ ò jẹ́ kí n tà á. Họ́bì ni. Àìsàn tó mú un ní Japan ni, a ò tíì rí oògùn ẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gba ìyàwó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù nítorí ojú tó le.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, Zulaihat sọ ọ́ jáde pé, "Màámi, mi ò lè gba iṣẹ́ ọjà mọ́. Tí mo bá ń rán an fún títà, inú mi kì í dùn."

"Mo mọ̀," Ràbíátù wí. "Mo rí i lójú ìyàwó yẹn." Ó kó bọ́tìnnì sínú agolo, kò tètè dé e. "Báwo lo ṣe rí imú yẹn rán? Ó jọ tèmi."

Wọ́n padà sí Japan. Ìrẹsì róbótó bẹ̀rẹ̀, ata díndín náà padà sáàárín rẹ̀. Ní Sátidé, bí Zulaihat bá pe ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì á gbé abẹ́rẹ́ dání, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rán. Ọmọláńgidi àkọ́kọ́ tí Ràbíátù dá rán ni ti Yẹ̀kínì tó ń ta agbòjò ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yẹ̀kínì fúnra rẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ Ràbíátù.

"Zulaihat, bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Wò ó dáadáa. Ṣé imú mi nìyí?"

"Ẹ kú ọjà, sà. Ẹ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀."

Yẹ̀kínì yíjú. Jamilah na ọrùn wo fóònù. "Mọ́mì," ó wí, kò sì dín ohùn kù, "ó jọ ọ́ gan-an."

Ishaq dọ̀bálẹ̀, wọn ò mọ̀ bóyá ó ń kí àgbà ni tàbí ó ń fi ẹ̀rín pa mọ́. Yẹ̀kínì ní kí wọ́n gé imú náà kù. Ràbíátù ní òun ò gbé àlùmọ́gàjí sí iṣẹ́ tó ti pé, àyàfi tí ẹnì kan bá máa sanwó àtúnṣe. Yẹ̀kínì ní èló. Ràbíátù ní kó kọ́kọ́ sọ iye tó ní lọ́kàn. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí dátà fi tán.